Ìgò ether mẹ́ta nínú sítọ́ọ̀ láàbù kan ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ìgò ether mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí, ìyẹn kẹ́míkà olómi tó ń tètè di èéfín tí wọ́n fi ń fa òróró jáde. Orí pẹpẹ kan náà ni wọ́n jọ wà, nínú sítọ́ọ̀ láàbù kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ti ń yẹ iye òróró inú èso àti oúnjẹ ẹran wò. Ọ̀kan nínú wọn ni gbogbo èèyàn ń fura sí nítorí pé ó ti pẹ́ níbẹ̀, òun sì ni kò ní láburú kankan nínú. Èkejì ni wọ́n ń lò lójoojúmọ́ láìfòyà, òun ló ti kún fún peroxide, ohun tó ń bú gbàmù tí ether máa ń dì bí ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ bá wọ inú rẹ̀. Ẹ̀kẹta kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ mọ́. Àwọn tó ni láàbù gbà kí n kọ ọ́ síta bí n kò bá ti dárúkọ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó ti Soxhlet, ẹ̀rọ tó ń fa òróró, láàárọ̀ ni mò ń kọ ọ́ sí, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lè máa ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ tiyín náà lọ́wọ́ báyìí.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò ṣàjèjì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan á gbé ẹ̀gúsí wá, òmíràn á gbé kóró máńgòrò wá (máńgòrò kì í wọ́n wa ní Ògbómọ̀ṣọ́), àwọn tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ á gbé tiwọn wá pẹ̀lú. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa òróró jáde ni èyí tí Franz von Soxhlet gbé kalẹ̀ ní 1879, kò sì fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti ìgbà náà. Diethyl ether á wà nínú fláásìkì nísàlẹ̀, ooru á sọ ọ́ di èéfín, omi tútù á sọ ọ́ di omi padà lókè, á máa kán sórí ohun tí wọ́n lọ̀, á fa òróró inú rẹ̀, á sì ṣàn padà sínú fláásìkì. Báyìí ni yóò ṣe máa yí po fún wákàtí mélòó kan. Bó bá parí, wọ́n á gba ether náà padà sínú ìgò kan, wọ́n á gbé fláásìkì tó ku òróró sínú oven tó gbóná dé 105 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kó gbẹ, kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n.

N kò bá ẹnikẹ́ni wí pé ó gba ether padà. Láti oṣù kẹfà 2023 tí ìjọba ti fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀, kẹ́míkà tó ń ti òkè òkun wá ti di ohun tí láàbù kékeré ń fojú owó wò kí wọ́n tó ṣí i. Kò sẹ́ni tó máa da ether tó mọ́ rekete nù. Ohun tí mò ń sọ ni pé ether tí a gbà padà àti ether tí a rà kì í ṣe ọ̀kan náà, bí ojú tilẹ̀ rí wọn bákan náà tí òórùn wọn sì jọra.

Ohun tó mú wa débẹ̀

Oṣù kẹta ni, ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú gan-an. Ọmọbìnrin kan tó ń kàwé gboyè kejì ló pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán sà. Ẹ dákun, fláásìkì mi ò dúró lójú kan o. Mo gbé e sí oven, mo wọ̀n ọ́n, mo dá a padà, mo tún wọ̀n ọ́n, ńṣe ló ń wúwo sí i."

Òróró tó ń gbẹ nínú oven gbọ́dọ̀ fúyẹ́ títí yóò fi dúró lójú kan. Bó bá ń wúwo sí i, ọ́síjìn ló ń wọ inú òróró náà. Ó lè jẹ́ afẹ́fẹ́ inú oven lásán ló fà á, èyí máa ń ṣẹlẹ̀ tí èèyàn bá fi í síbẹ̀ pẹ́. Ṣùgbọ́n ether tó ní peroxide nínú náà máa ń ba òróró jẹ́ lọ́nà yẹn, ìdí sì nìyẹn tí ìlànà àyẹ̀wò òróró fi máa ń béèrè ether tí kò ní peroxide. Mo bi í pé èwo ló lò.

"Èyí tó wà nínú ìgò tí wọ́n kọ *recovered* sí lára ni, sà."

"Ìgbà wo ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà á síbẹ̀?"

Kò mọ̀. Ó bi màmá tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀, mo sì ń gbọ́ ohùn màmá náà lórí fóònù: "Ìgò yẹn kì í gbẹ o. Tó bá ti kù díẹ̀, wọ́n á tún da òmíràn lé e."

Ibẹ̀ ni àyà mi ti já. Mo ní kí wọ́n pa gbogbo iná tó wà lábẹ́ Soxhlet, kí wọ́n má gbé ohunkóhun sínú oven, kí wọ́n má sì fọwọ́ kan ìgò kankan títí n ó fi dé.

Ohun tó ń lọ nínú ìgò

Átọ́ọ̀mù ọ́síjìn kan ló wà láàárín ether, kábọ́ọ̀nù wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀. Hàídírójìn tó wà lára kábọ́ọ̀nù méjèèjì yìí kò lẹ̀ mọ́ wọn dáadáa. Bí ìmọ́lẹ̀ tàbí ooru bá já ọ̀kan gbà, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ á bọ́ sí àyè rẹ̀, ohun tó bá sì ti ibẹ̀ jáde á lọ já hàídírójìn gbà lára ether mìíràn, bí ẹni tó ń yá owó Táíwò san gbèsè Kẹ́hìndé. Gbèsè náà kò ní tán. Á máa kiri láti ara ọ̀kan dé ara èkejì, peroxide á sì máa pọ̀ sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni. Tó bá yá, peroxide tó ti wà nílẹ̀ á máa bí òmíràn, iṣẹ́ náà á wá di eré.

Àwọn tó ń ṣe ether mọ èyí, wọ́n sì máa ń fi BHT díẹ̀ sí i, kẹ́míkà kan náà tí wọ́n ń fi sínú òróró àti oúnjẹ adìyẹ kó má baà kan. BHT á fi hàídírójìn tirẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ń wá a, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní lọ já tẹlòmíràn gbà, gbèsè á parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ti ń ṣiṣẹ́ ló ń tán.

Ibi tí mo fẹ́ kí gbogbo wa tẹjú mọ́ nìyí. Diethyl ether ń hó ní 34.6, BHT kì í hó títí yóò fi dé nǹkan bí 265. Nígbà tí ether bá di èéfín nínú Soxhlet, BHT kì í bá a gòkè, ìdí fláásìkì ló máa jókòó sí pẹ̀lú òróró. Ether tí ẹ wá gbà padà lókè mọ́ ju èyí tí ẹ rà lọ, ààbò tó ní ló kù sẹ́yìn. Ẹ dà á sínú ìgò tó ti ní èyí tó pẹ́ nínú, tí peroxide ti bẹ̀rẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ sì gbé ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọlé. Gbogbo ohun tí peroxide ń fẹ́ ló ti pé síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni peroxide kì í bá ether fò lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ìdajì lítà ether bá ní peroxide tó jẹ́ mílígíráàmù 100 nínú lítà kan, mílígíráàmù 50 ló wà nínú rẹ̀ lápapọ̀. Bí ẹ bá gbé e kaná títí ó fi ku mílílítà 5, mílígíráàmù 50 náà wà níbẹ̀, kò dín, ṣùgbọ́n ó ti ki ní ìlọ́po 100. Ìgbà tí fláásìkì bá wá fẹ́ gbẹ tán, tí ooru sì ń pọ̀ sí i, ni peroxide máa ń bú gbàmù. Àwa sì ń gbé tiwa sínú oven ní 105, a sì ń pa ilẹ̀kùn dé e.

Àyẹ̀wò

Kí n tó ṣí ohunkóhun, tọ́ọ̀ṣì ni mo fi wo àwọn ìgò náà láti ẹ̀yìn láìgbé wọn. Ohun tí èèyàn ń wá ni ohun funfun tó dì yí ìdérí ká, kírísítà nídìí ìgò, tàbí omi tó ki tó dúró lọ́tọ̀ nísàlẹ̀. Ìgò tó bá ní ọ̀kan nínú wọn, ẹ má ṣí i, ẹ má gbé e. Peroxide tó ti dì sínú ẹsẹ̀ ìdérí lè bú nígbà tí ìdérí náà bá ń yí lórí rẹ̀.

Ìgò èyí tí wọ́n rà kò tíì ṣí, ọjọ́ tó dé sítọ́ọ̀ wà lára rẹ̀, BHT sì wà lára lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Òun ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ìgò tí wọ́n ń da èyí tí wọ́n gbà padà sí mọ́ lójú, kò sí ohun kankan lẹ́nu rẹ̀, ó sì jẹ́ pé wọ́n ti ṣí i ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, nítorí náà mo gbà pé a lè ṣí i. Ẹ̀kẹta wà lẹ́yìn pátápátá, ó kéré, ẹnì kan tó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán tó ti lọ ló fi sílẹ̀. Diisopropyl ether, irú ether mìíràn, ni wọ́n kọ sí i. Nǹkan funfun ti yọ lábẹ́ ìdérí rẹ̀. Mo ní kí gbogbo wa jáde, a ti ilẹ̀kùn sítọ́ọ̀, a sì gbé ìgò méjì àkọ́kọ́ nìkan jáde kó tó di pé a tì í.

Nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ń fa èéfín, pẹ̀lú gíláàsì ààbò níwájú mi, awò ààbò lójú àti ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, mo da mílílítà kan ether sínú túùbù, mo da mílílítà kan glacial acetic acid sí i, mo sì kán potassium iodide tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pò, tó jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, sórí rẹ̀. Ẹ rí i pé tuntun ni, nítorí èyí tó bá ti pẹ́ nínú ìgò á ti máa pọ́n fúnra rẹ̀, á sì tan èèyàn jẹ. Mo ṣe túùbù kan láìfi ether sí i, èyí ni mo fi ń wọ̀n wọ́n.

Ti ìgò tí wọ́n rà kò yàtọ̀ sí túùbù tí kò ní ether. Ti ìgò tí wọ́n gbà padà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n kí n tó mì í dáadáa; ó di yẹ́lò, kò dúró síbẹ̀, ó di búráùn. Áyódíìnì ni àwọ̀ yẹn: peroxide ló ń tú u sílẹ̀ láti inú potassium iodide, bí peroxide bá sì ti pọ̀ tó ni àwọ̀ náà yóò ṣe ki tó. Ọmọbìnrin náà dúró lẹ́yìn mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ohun tí mo ti ń gbé sínú oven láti ọjọ́ yìí nìyẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìgò tí wọ́n rà, ní kété tí mo ṣí i fún àyẹ̀wò, mo ní kí màmá kọ ọjọ́ náà sára rẹ̀ lójú mi. Ọjọ́ tí ìgò dé àti ọjọ́ tó ṣí kì í ṣe ọ̀kan náà, ọjọ́ tó ṣí ni afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Bébà àyẹ̀wò peroxide dé láti Ìbàdàn lọ́jọ́ kejì, ká lè ní iye dípò àwọ̀ nìkan. Ẹni tí kò bá lò ó rí máa ń ṣì í lò: ẹ tì í bọnú ether fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ jẹ́ kí ether orí rẹ̀ gbẹ tán, lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi omi díẹ̀ kàn án tàbí kí ẹ mí sí i. Láìsí omi, àwọ̀ kò ní jáde, ẹ ó sì rò pé kò sí nǹkan kan. Ti ìgò tí wọ́n gbà padà di búlúù tó ki ju èyí tó kẹ́yìn lára páálí lọ, ìyẹn ju mílígíráàmù 100 lọ nínú lítà kan. Ohun tí ọ̀pọ̀ láàbù ń tẹ̀ lé ni pé bó bá wà lábẹ́ 25, ó ṣeé lò. Láàárín 25 sí 100, a kì í gbé e kaná tàbí jẹ́ kó gbẹ. Bó bá kọjá 100, a kì í fi í ṣiṣẹ́ mọ́.

Ohun tí a ṣe sí wọn

Ether tí wọ́n gbà padà ṣì mọ́, kò ki, nítorí náà ó ṣeé pa peroxide inú rẹ̀. Ferrous sulphate la lò. Gíráàmù 60 rẹ̀, omi mílílítà 110, sulphuric acid mílílítà 6, ásíìdì ni a sì rọra da sínú omi, kì í ṣe omi sínú ásíìdì. Díẹ̀díẹ̀ la ń da ether sínú àrọ gíláàsì tó ní ẹnu ìṣí nísàlẹ̀, a ń pò ó mọ́ omi irin náà, a sì ń ṣí i lemọ́lemọ́ kí èéfín rẹ̀ lè jáde. Omi irin tó jẹ́ àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ yí padà di àwọ̀ ilẹ̀ pupa níwájú wa, nítorí irin náà ń fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ fọ́ peroxide. A tún un ṣe títí potassium iodide kò fi pọ́n mọ́. Ọ̀gá láàbù béèrè bóyá wọ́n lè wá lò ó báyìí. Mo ní rárá. Kò sí BHT nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ orí rẹ̀, ó sì ti fara kan omi àti ásíìdì. Inú ìgò ìdọ̀tí kẹ́míkà ló lọ.

Ẹ̀kẹta, a kò fọwọ́ kàn án. Diisopropyl ether burú ju diethyl ether lọ: ibi méjèèjì tí hàídírójìn rẹ̀ ti ń já wà ní ipò tó rọrùn fún ọ́síjìn láti gbà, peroxide rẹ̀ sì lè di kírísítà nínú ìgò láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé e kaná. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n ń fún un lẹ́yìn tó bá ṣí, èyí sì ti kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Àwọn ọlọ́pàá tó ń bójú tó bọ́ǹbù ni wọ́n pè. Ẹ̀rù ba àwọn kan pé wọn ó fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ìgò kékeré. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n wọ aṣọ wọn, wọ́n kó gbogbo èèyàn kúrò nílé náà, wọ́n gbé e lọ sí pápá tó jìnnà sí ilé, wọ́n sì pa á run níbẹ̀.

Ẹnì kan ní kí wọ́n máa kó ether sínú fíríìjì. Mo takò ó gidigidi. Òtútù ń dín eré tí peroxide fi ń pọ̀ sí i kù díẹ̀, kì í dá a dúró. Fíríìjì ilé ní ohun tó ń tan tó ń pa nínú, iná kékeré rẹ̀ sì tó fún ether, nítorí èéfín rẹ̀ lè gbiná láti nǹkan bí 45 lábẹ́ òdo. Tí iná bá wá lọ ní ọ̀sán oṣù kẹta, fíríìjì tó ti gbóná tí wọ́n pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé kò yàtọ̀ sí àpótí tó kún fún èéfín ether.

Àwọn ohun tó yí padà níbẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n le láti gbà. Èyí tó ṣòro jù ni ti ìgò ńlá. Ọ̀gá láàbù ní ìgò lítà 2.5 dín owó fún lítà kan ju ìgò kékeré lọ, òótọ́ sì ni. Mo ní kó bá mi ṣírò iye tó ń ṣẹ́kù sísàlẹ̀ ìgò ńlá tí wọn kò lè lò mọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tó ti ṣí, kó sì fi ti owó ìdọ̀tí rẹ̀ kún un. Ó gbà láti dán ìgò 500 mílílítà wò fún ọdún kan.

Ether tí wọ́n bá gbà padà kò gbọdọ̀ lé ara wọn mọ́. Ìgò tuntun ni fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ náà lára rẹ̀, kí wọ́n lò ó ní ọ̀sẹ̀ náà tàbí kí wọ́n fi í sínú ìdọ̀tí. Wọ́n béèrè bóyá àwọn lè máa fi BHT padà sí i. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n BHT yóò jókòó sídìí fláásìkì, wọn ó sì wọ̀n ọ́n mọ́ òróró. Bí ẹ bá fi mílígíráàmù 250 sínú lítà kan, tí ẹ lo mílílítà 150, nǹkan bí mílígíráàmù 37 ti wọ ìwọ̀n yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é gbọ́dọ̀ ṣe fláásìkì kan tí kò ní èso nínú, kó sì yọ iye tó bá rí níbẹ̀ kúrò.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé kí wọ́n fi diethyl ether sílẹ̀ níbi tí ìlànà bá ti gbà wọ́n láyè. Petroleum ether àti hexane kò ní ọ́síjìn nínú rárá, wọn kì í ṣe peroxide bẹ́ẹ̀. Nínú ìlànà AOAC, ẹgbẹ́ tó ń gbé ìlànà àyẹ̀wò kalẹ̀, tí wọ́n ń tẹ̀ lé fún oúnjẹ ẹran, 2003.05 ń lo diethyl ether, 2003.06 ń lo hexane. Iná ṣì ń ràn mọ́ hexane kíákíá, ó sì ń ba iṣan ara tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ jẹ́ bí èèyàn bá ń fà á símú lójoojúmọ́, nítorí náà kọ́bọ́ọ̀dù tó ń fa èéfín ṣì pọn dandan. Ọmọbìnrin náà tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe pẹ̀lú hexane láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n fláásìkì rẹ̀ dúró lójú kan.

Àwọn tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ ṣì wà tí oníbàárà wọn ń béèrè fún àyẹ̀wò pẹ̀lú diethyl ether, nítorí náà kò tíì kúrò ní sítọ́ọ̀. Orí pẹpẹ tí oòrùn kì í dé ló wà báyìí. Owó bébà àyẹ̀wò ni kò tíì yanjú. Ó wọ́n, ó sì ní ọjọ́ tó ń bà jẹ́. Ní báyìí, potassium iodide ni wọ́n ń lò, wọ́n sì ń pò ó tuntun ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbé Soxhlet kaná.